Ìkíni Tí Mo Gé Kúrò

Tíṣà ní kí n di ilẹ̀kùn mú dáadáa. Inú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó aṣọ sí nínú àpátímẹ́ǹtì wọn ní Pleasant Grove, nílùú òyìnbó níbí, ni wọ́n wà, wọ́n jókòó sórí àpótí láàárín bùbá àti kóòtù òtútù, fóònù mi wà lórí itan wọn. Èmi ni mo sọ fún wọn pé aṣọ kì í jẹ́ kí ohùn máa dún padà.

"Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀, ẹnjiníà?"

"Ẹ bẹ̀rẹ̀, sà."

Tíṣà ti lé láàádọ́rin. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní mọ́ṣáláṣí wa, Gẹ̀ẹ́sì làwọn ọmọ sì fi ń dá wọn lóhùn. Ni wọ́n bá ní àwọn fẹ́ ṣe pọ́díkáàsì, ètò tí èèyàn ń gbọ́ lórí fóònù, kí àwọn ọmọ lè máa gbọ́ àwọn nínú mọ́tò. Èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní fọ́ọ̀mù tíírì, tí mo ń gbé páálí ní ilé ìkẹ́rùsí, èmi ni wọ́n ń pè ní ẹnjiníà. Orí mi wú.

Láti ìta ni mo ti ń gbọ́ wọn. Wọ́n kí awakọ̀, wọ́n kí aláboyún, wọ́n kí nọ́ọ̀sì tó ń tibi iṣẹ́ bọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki obìnrin kan. Oríkì yẹn, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Wọ́n kì í títí, ohùn wọn wá rẹlẹ̀: "Ilẹ̀kùn mi ò tì o. Ìbínú mi ló pọ̀ jù." Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ti lọ kí wọ́n tó dé orí ẹ̀kọ́ òǹkà, "oókan, eéjì".

Nígbà tí mo délé, mo gé ìkíni náà. Mo ní ta ló ráyè? Mo fi "Ẹ káàárọ̀ o" kan ṣoṣo sílẹ̀, mo sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Fóònù mi ti kún, mo bá pa gbogbo èyí tí mo gé rẹ́.

Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n bi mí pé ìlú wo làwọn tó gbọ́ wa wà. Ó máa ń hàn lórí fóònù. Mo kà á fún wọn títí mo fi dé, "Wylie, ẹnìkan."

Tíṣà bọ́ gíláàsì ojú wọn. "Ọmọ mi nìyẹn."

Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n bímọ. Wọ́n ní ọmọ àwọn kan ṣoṣo ni, nọ́ọ̀sì ni. Wọn ò fẹ́ràn ọkùnrin tó fẹ́, wọn ò sì yọjú síbi ìgbéyàwó. Ọdún kẹrin rèé, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀.

"Ẹ kúkú pè é, sà."

"Kí n pe ọmọ tí mo bí, kí n ní kó má bínú? Ẹnu mi ò gbà á. Àmọ́ oríkì ni mo fi ń jí i láti kékeré. Tó bá ti gbọ́ ìyẹn, ó ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó kù kó pè."

Oríkì tí mo gé nìyẹn. Mo wo bí inú wọn ṣe ń dùn, bí wọ́n ṣe ń nu gíláàsì náà. Mo ní, "Á pè, sà."

Kò pè. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn ní Sátidé, fóònù wọn á wà lórí tábìlì, wọ́n á dojú rẹ̀ sókè. Nígbà tó yá, wọ́n ní ká dá pọ́díkáàsì náà dúró. "Ó jọ pé kò fẹ́ mi mọ́." "Mo gé e, sà": ohun tí mo ní láti sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ mi ò sọ ọ́. Mo ń ká wáyà fóònù mi.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú wọn lọ, láàárọ̀ Túsìdé kan.

Lẹ́yìn tí a kírun sí wọn lára, mo rí obìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, ó dá dúró ti mọ́tò rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ ọlọ́dà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́." Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó ní, "Mo gbọ́ ètò náà títí wọ́n fi ka ogún. Mo ń retí bóyá wọ́n á kì mí." Ó tún ní, "Kí ni wọ́n wí?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn, mo sọ ti ìbínú. Mo gbìyànjú oríkì náà, mo sì ṣì í kì.

"Rárá o. Wọn kì í pè é báyẹn."

Ó kẹ̀yìn sí mi, ó gbé ọwọ́ lé orí mọ́tò, ó sì ki ara rẹ̀ títí ó fi parí, bí Tíṣà ṣe kì í gan-an. Mi ò tíì dìde.