Àbẹ́là Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ́ọ̀sì Ìjọ

Ọjọ́ tí epo jò lára bọ́ọ̀sì ògbólógbòó tí ìjọ wa máa ń wọ̀ lọ sí òkè àdúrà ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé.

Bí a ṣe fẹ́ gbéra láti Baṣọ̀run láàárọ̀, òórùn bẹntiróòlù gbá mi nímú. Bàbá mi, dírẹ́bà wa, ní, "Rọ́bà epo ló gbó. Mo ti fi ọṣẹ dí i."

Wòlíì ìjọ wa tan àbẹ́là, wọ́n mú un lọ́wọ́, wọ́n ń gbàdúrà yí ọkọ̀ po. Gbogbo èèyàn dijú. Èmi ń wo epo tó ṣì ń kán lábẹ́ ọkọ̀. Mo fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n ta ló ń dá wòlíì dúró lẹ́nu àdúrà? Nígbà tí epo ṣàn dé ẹsẹ̀ wòlíì tí kò wọ bàtà, mo figbe ta: "Ẹ dúró, epo!"

Wòlíì fi ìka pa iná àbẹ́là náà, wọ́n rọra fà sẹ́yìn. Bàbá mi kúnlẹ̀, wọ́n yọjú wo abẹ́ ọkọ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ní ká dijú fún àdúrà ìrìnàjò, abẹ́ ọkọ̀ ni èmi àti bàbá mi máa ń wò.