Gáùn Àrán Lórí P.O.P.

Òórùn ṣọ́ọ̀kì tútù ló máa ń kọ́kọ́ dé imú mi tí mo bá rántí ọjọ́ Ìsinmi yẹn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Páànù ilé wa ní Àjẹ́gúnlẹ̀ ti gbóná janjan kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó dún. Àbúrò mi, Fẹ́mi, ọmọ ọwọ́, wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nínú P.O.P. láti itan dé ìka. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yí sínú láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń nà án díẹ̀díẹ̀ ní ọsibítù, tí wọ́n á tún fi báńdéèjì funfun yẹn dì í, á sì le bí ògiri.

Mo bá Màámi lọ rí. Nọ́ọ̀sì sọ ọ́ ketekete: aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí a máa wọ̀ fún un, kí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níta ká lè máa wo àwọ̀ wọn, kí omi má kan P.O.P., ká sì fi nǹkan gbé gìgísẹ̀ rẹ̀ sókè. Màámi ń dáhùn pé, "Ẹ ṣé, mà." Nílé, ohun tó wà lẹ́nu wọn yàtọ̀: "Bò ó dáadáa."

Ọjọ́ ìdúpẹ́ Fẹ́mi ni. Màámi wọ gáùn àrán fún un, ó gùn kọjá ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n tún fi ṣọ́ọ̀lù wé e. Èmi ni mo ń fi páálí fẹ́ ẹ. Ọrùn rẹ̀ ti sú wínníwínní, ó sì ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

Mo ní, "Màámi, ooru ń mú un."

"Ooru kọ́ ló máa fi wá ṣẹ̀sín, Dúpẹ́."

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Ìjọ gba ọmọ láti gbàdúrà fún un. Ọwọ́ wọn kan ohun líle lábẹ́ àrán. Wọ́n ká gáùn náà sókè lójú gbogbo èèyàn.

"Ìyá Dúpẹ́, símẹ́ńtì kẹ̀? Ṣé ilé lẹ fẹ́ kọ́ ni?"

Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Na wa o. Tó bá ń rìn, á máa dún gbà-gbà bí ilẹ̀kùn."

Ìyá Ìjọ rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ tú nǹkan yìí kúrò. Àdúrà ló máa na ẹsẹ̀ yẹn."

Bàbá mi ń wa tírélà, wọ́n sì wà lórí ìlà tí wọ́n ti ń dúró gbẹ́rù ní èbúté Tin Can. Kò sí ẹni tó máa sọ pé rárá. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Màámi bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú báàfù, wọ́n rẹ ẹsẹ̀ ọmọ sínú rẹ̀ títí P.O.P. fi rọ̀ bí ẹ̀kọ. Òórùn ṣọ́ọ̀kì gba gbogbo yàrá. Wọn ò gbé e lọ sí ọsibítù mọ́. Nígbà tí Bàbá mi dé, wọ́n di ẹsẹ̀ náà mú, wọ́n ní, "Ó ti ń nà."

Fẹ́mi ti dàgbà. Iṣẹ́ gbígba ẹrù jáde ní èbúté ló ń ṣe ní Wharf Road, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn láàárín àwọn tírélà tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mi ò rò pé àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn rántí.

Ọmọ tèmi náà wà nínú P.O.P. báyìí, nínú ooru yìí. Síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ni mo ń wọ̀ fún un. Mo máa ń tẹ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò léraléra, débi pé ọkọ mi ní kí n jẹ́ kí ọmọ sinmi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màámi wá kí wa, wọ́n sì mú gáùn àrán yẹn jáde nínú báàgì. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́.

"Bò ó dáadáa. Àárín èrò ọjà Boundary lẹ ń gbé e gbà kọjá."

"Ẹ ṣé, mà," ni mo fi dá wọn lóhùn. Mo ṣẹ́ gáùn náà po, mo fi sábẹ́ gìgísẹ̀ ọmọ mi.

Dúpẹ́ tó di páálí mú nígbà yẹn ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Mo ti lẹ́nu ọ̀rọ̀ báyìí. Síbẹ̀, nígbà tí mo gbé ọmọ náà jáde lọ́jọ́ kejì, tí obìnrin kan ní Boundary tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ mi ti ń wá aṣọ tí màá fi bò ó kí n tó mọ̀.