Wọ́n Ní Mo Rí Màmá Fín

Oṣù mẹ́ta gbáko kí n tó kúrò ní Ìbàdàn ni mo fi ń bá àwọn òyìnbó jà níwájú díńgí. N kò tíì bá ìkankan nínú wọn pàdé, àmọ́ ìjà náà ti le. Òyìnbó kan á ní kí n padà síbi tí mo ti wá, mo sì ti ní èsì tí yóò mú òun náà wá ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Òmíràn á fọwọ́ dímú bí mo bá jókòó tì í nínú bọ́ọ̀sì, èmi á sì bi í pé ìgbà wo lòun fúnra rẹ̀ wẹ̀ kẹ́yìn. Mo kọ àwọn èsì wọ̀nyí sínú fóònù mi ní gẹ̀ẹ́sì, mo sì ń kọ́ wọn sórí bí ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò.

Ẹ̀rù ló ń bà mí, kí n má parọ́. Gbogbo ẹni tó gbọ́ pé mo ń lọ sí Toronto ló ní ìtàn kan lẹ́nu. Ẹnì kan ní wọ́n máa ń ká báàgì mọ́ àyà tí wọ́n bá ti rí aláwọ̀ dúdú. Ẹlòmíràn ní wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sí mi, àmọ́ wọn kò ní kà mí sí èèyàn. Èyí ló wọ̀ mí lára jù. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ṣe tíṣà, kò sì sí ọmọ tàbí òbí tó pe orúkọ mi láìfi nǹkan kan ṣíwájú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń kí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ láti ẹnu géètì, tó wá fẹ́ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n, ṣé ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè balẹ̀?

Àǹtí mi, ìyẹn àbúrò ìyá mi tí wọ́n ti wà ní Canada láti ayé àwọn ológun, kò tù mí nínú rárá. Georgetown, ìlú kékeré kan nítòsí Toronto, ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ní ilé, wọ́n ní mọ́tò, wọ́n ní táyà winter tí kì í yọ̀ lórí yìnyín. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kò ní ni àríyànjiyàn.

"Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ fún ẹ, okay ni kó o wí," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kì mí nílọ̀ lórí WhatsApp. "Má bá wọn argue o. Tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tó dùn ẹ́, gbé e mì. Okay yẹn ni mo fi ra ilé tí mò ń gbé yìí."

Mo ní mo ti gbọ́, mà. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo fi èsì méjì kún ti inú fóònù.

Mo dé, mo sì ń retí wọn. Rexdale, ní etí Toronto, ni mo gba yàrá sí, ní àjà kẹsàn-án ilé gíga kan tí lífítì rẹ̀ máa ń rò ó dáadáa kó tó gbéra. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì kí mi káàárọ̀. Bàbá arúgbó kan tá a jọ ń dúró de bọ́ọ̀sì wo kóòtù mi tìyanutìyanu, ó ní èyí tí mo wọ̀ yẹn kò lè la December já, ó sì júwe ibi tí mo ti lè rí gidi rà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ohun tí mò ń retí fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé mi káàkiri bí ẹni pé mo fẹ́ jí nǹkan. Mo yí padà, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Mo tẹ̀ lé e títí ó fi sá wọ ẹ̀yìn káńtà lọ. N kò rántí èsì kankan nínú èyí tí mo kọ́ sórí, àmọ́ mo rìn dé ilé bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ.

Lẹ́yìn tí mo ti kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbà fún oṣù díẹ̀, mo ríṣẹ́ sí ilé àwọn arúgbó kan tí bọ́ọ̀sì méjì ń gbé mi dé. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, probation ni: tí wọ́n bá rí àléébù kankan lára mi, wọ́n lè ní kí n máa lọ. Orí iṣẹ́ yìí ni mo gbé gbogbo ètò àtimú ọkọ mi àti àwọn ọmọ mi méjèèjì wá lé. N kò gbọ́dọ̀ pàdánù rẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀gá wa, obìnrin kan tí mo fi bí ọdún mẹ́wàá jù, sọ fún wa pé orúkọ àbísọ ni ká máa pe gbogbo àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ó ní ìyẹn á jẹ́ kí ara tù wọ́n bíi pé wọ́n wà nílé. Mo ní okay, bí àǹtí mi ti kọ́ mi. Kò pẹ́ sí i, ọmọ ogún ọdún kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ké orúkọ èmi náà láti ìpẹ̀kun kọ́rídọ̀. Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló ń pè.

Yàrá tó kẹ́yìn ní kọ́rídọ̀ náà ni màmá òyìnbó kan wà. Wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, àmọ́ ẹ̀yìn wọn ṣì nà ṣánṣán, wọ́n sì máa ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ara wọn kí ẹnikẹ́ni tó dé. Iṣẹ́ mi ni láti bá wọn wẹ̀, kí n sì tì wọ́n lọ síbi oúnjẹ nínú kẹ̀kẹ́ ìjókòó wọn, torí ẹsẹ̀ wọn kò gba ìrìn jíjìn mọ́. Orúkọ wọn wà lára ilẹ̀kùn. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, mo la ẹnu láti pè é, ẹnu kọ̀. Ẹni tó lè bí ìyá mi! Mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo ní, "Good morning, Mummy." Màmá wò mí, wọn kò dáhùn. Mo rò pé etí ni, mo gbóhùn sókè: "Good morning, Mummy!" Wọ́n yíjú sí fèrèsé.

Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n ń dá àwọn yòókù lóhùn, èmi nìkan ni wọn kì í dá lóhùn. Mo wá sọ fún ara mi pé ó tán: òyìnbó tí wọ́n sọ fún mi nílé nìyí, mo ti rí i. Mo ṣí fóònù láti yan èsì tó bá ọ̀rọ̀ náà mu, àmọ́ kò sí ìkankan níbẹ̀ tí mo lè sọ sójú àgbà. Wọ́n tọ́ mi dáadáa, ìyà rẹ̀ ló wá ń jẹ mí. Mo pinnu pé bí màmá kò bá fẹ́ dá mi lóhùn, wọn kò ní lè kà á sí mi lọ́rùn pé n kò kí wọn. Ṣe ni mò ń pariwo "Mummy" láràárọ̀, tí gbogbo kọ́rídọ̀ ń gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì. Ìwé kan wà lórí tábìlì. Màmá ti fẹjọ́ mi sùn. Ọ̀gá ti kọ ọ́ sínú ìwé náà ní orúkọ mi pé mo ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀, pé mo rí wọn fín, pé mo gbà bẹ́ẹ̀, n kò sì ní ṣe é mọ́. Ọ̀gá ní kí n ṣáà fọwọ́ sí i nísàlẹ̀.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú gbogbo èébú tí mo ti múra dè, èyí kò sí níbẹ̀. Èmi tí mo ti Ìbàdàn ń ṣọ́ bí wọn yóò ṣe tàbùkù mi, èmi ni wọ́n wá ní mo tàbùkù ẹlòmíràn! Inú bí mi gidigidi. Mo ní n kò ní fọwọ́ sí i. Ọ̀gá rọra ti bírò sún mọ́ mi, ó ní kí n lọ rò ó títí di ọjọ́ Ẹtì.

Ọjọ́ tí n kò ní shift, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Georgetown lọ ro ẹjọ́ mi fún àǹtí mi. Wọn kò jẹ́ kí n rò ó tán.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?" ni wọ́n wí. "Just sign it! Paper lásán ni. Probation lo wà, wọ́n lè let you go láìsọ nǹkan kan."

"Wọ́n ní mo rí àgbà fín, mà."

"Ṣé o rí wọn fín ni?"

"Rárá, mà."

"Ṣé Ọlọ́run mọ̀?"

"Ọlọ́run mọ̀, mà."

"Ó parí nìyẹn. Sign it."

Ọmọ wọn obìnrin, tí wọ́n bí síbí, gbójú kúrò lórí fóònù rẹ̀. "It's just a name, Auntie. Just call her by her name. It's not that deep."

Mo ní, "Tó bá jẹ́ orúkọ lásán ni, kí ló dé tó ò pe tèmi?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà sídìí fóònù rẹ̀.

Àǹtí mi ní ilé onílé ni mo wà, kí n yé ṣe bí ẹni tó wà lágboolé bàbá rẹ̀. Mo ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde; tí mo bá fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé ìwà tí wọ́n kọ́ mi nílé jẹ́ èébú, kí ló kù tí mo mú wá? Àǹtí mi ń po tíì wọn, ṣíbí ń dún lára ife.

"Èmi náà fọwọ́ sí irú ẹ̀ rí," ni wọ́n wí. "Wọ́n ní mò ń shout at customers. Mi ò shout. Bí ohùn mi ṣe rí nìyẹn. Mo sign, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ìgbà tó yá, ìyá ẹ pè mí láti ilé, wọ́n ní ta ni àwọn ń bá sọ̀rọ̀."

Síbẹ̀síbẹ̀, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìyá mi yẹn ni mo gbé lọ sílé. Mi ò fẹ́ kí ọjọ́ kan dé tí àwọn tèmi náà máa bi mí pé ta ni àwọn ń bá sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo sọ fún ọ̀gá pé n kò ní fọwọ́ sí ohunkóhun àfi tá a bá jọ dé ọ̀dọ̀ màmá. Ó ní wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo ní a lè bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ó wò mí, ó wo aago, ó dìde.

Màmá wà létí fèrèsé. Mo dúró níwájú wọn, mo sì sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì bí mo ṣe lè sọ ọ́: pé níbi tí wọ́n bí mi sí, ẹni tó bá pe orúkọ àgbà lásán, òbí rẹ̀ ló tàbùkù, pé Mummy ni mo fi ń bọ̀wọ̀ fún wọn, pé tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n fẹ́, òun ni n ó máa pè. "Àmọ́ wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i pé mo rí yín fín," mo ní. "Ìyẹn ni mi ò ní ṣe."

Màmá gbójú kúrò ní fèrèsé, wọ́n wò mí.

"Mi ò bí ẹ," ni wọ́n wí. "Mi ò bí ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ bí, kò ṣeé ṣe. Láràárọ̀ lo sì ń pariwo Mummy lé mi lórí."

Ojú tì mí. Wọ́n wá yíjú sí ọ̀gá.

"Ìwọ ńkọ́? Ta ló ní kó o máa pe orúkọ mi? Ọkọ mi ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Àwọn méjèèjì ti kú. Ogójì ọdún ni mo fi ṣe tíṣà, Missis ni gbogbo ìlú ń pè mí. Mo dé ibí, ẹ sọ mí di ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní."

Ojú ọ̀gá pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ní tèmi, ojú ń tì mí, inú mi sì tún ń dùn. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo ti gbà pé màmá kórìíra mi, n kò sì fi ìṣẹ́jú kan bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ kí n máa pè wọ́n. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Mo kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n lórí rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni na bírò sí mi. Màmá ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo ní, "Good morning, Missis," mo sì fi orúkọ ọkọ wọn tì í. Màmá ní, "Good morning." Wọn kò rẹ́rìn-ín, n kò sì retí ẹ̀rín. A ò di ọ̀rẹ́. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni wọn kò ti dá ẹnikẹ́ni tó bá pe orúkọ wọn lásán lóhùn mọ́, títí kan ọ̀gá. Mo máa ń gbọ́ àwọn ọmọ ogún ọdún tá a jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà wọn, tí wọ́n ń pe orúkọ, tí wọ́n á dákẹ́, tí wọ́n á wá tún un pè bó ṣe yẹ.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ọ̀gá tún pè mí. Ó ní iṣẹ́ mi dára, wọ́n sì fẹ́ gbà mí, kìkì pé ìwé ọjọ́sí ṣì wà nínú fáìlì láìní ìfọwọ́sí, kò sì yẹ kó wà bẹ́ẹ̀. Kí n ṣáà fọwọ́ sí i, ká lè pa ọ̀rọ̀ náà dé. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bẹ ọmọdé pé kó lo oògùn. Mo ro ti ọkọ mi, mo ro ti àwọn ọmọ mi tí wọ́n ń ka ọjọ́ nílé, ẹ̀rù sì bà mí ju èyí tó bà mí níwájú díńgí lọ.

Mo gba bírò. Mo fa ìlà gba orí gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé mo ṣàṣìṣe nítorí n kò béèrè, àmọ́ n kò rí ẹnikẹ́ni fín. Pé wọ́n tọ́ mi láti máa bọ̀wọ̀ fún àgbà, n kò sì ní tọrọ àforíjì fún ìyẹn ní ilẹ̀ yìí tàbí ní ibòmíràn. Mo wá kọ orúkọ mi: èyí tí bàbá mi sọ mí, èyí tí ìyá ìyá mi sọ mí, oríkì mi, orúkọ ìdílé wa, orúkọ ọkọ mi. Ó gba ìlà méjì.

Ọ̀gá kà á títí dé ìsàlẹ̀. Ó bi mí pé èwo gan-an ni orúkọ mi nínú gbogbo èyí.

Mo ní, "Gbogbo rẹ̀."

Ó ki ìwé náà bọ inú fáìlì, ó sì na ìwé shift mi fún oṣù tó ń bọ̀ sí mi.