Ewúrẹ́ Tó Jẹ Bọ́mà

Nígbà tí àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun Bọ́mà dé, èmi ni mo ń tọ́jú yàrá ìwé ní iléèwé ológun kan l'Abẹ́òkúta. Ìwé kẹta péré ni mo kà dé, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Òjò mú kí àwọn ìwé bu. Mo bá sá wọn sórí àpáta, bí ìyá mi ti ń sá èlùbọ́ ní Odẹ́dá. Mo mú ọ̀pá, mo ń lé adìyẹ. Kí n tó yíjú padà, ewúrẹ́ Sájẹ́ńtì, ọ̀gá wa, ti fa ewé kan ya nínú ìwé máàpù, ó ti gbé e mì.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Sájẹ́ńtì wá gba máàpù tó fẹ́ fi kọ́ kíláàsì. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó sọ ìwé nù ṣáájú mi, wọ́n lé e ni, ìyàwó mi sì wà nínú oyún.

"Bọ́mà dà?"

"Ó wà nínú bárékè, sà."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Inú ewúrẹ́ yín ni, sà."

Sájẹ́ńtì pa ìwé dé.

"Ọdún méjì ni mo fi la igbó yẹn já. Ewúrẹ́ mi wá jẹ ẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan."

Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó lọ ya Bọ́mà sí pátákó láìwo ìwé kankan. Kò lé mi.

Láti ọjọ́ náà, ewúrẹ́ yẹn ò ṣìnà mọ́. Bí ẹ gbé e lọ sọ sí Adìgbẹ lọ́hùn-ún, á dé bárékè ṣáájú yín.