Obìnrin Alábẹ́là Tó Palẹ̀ Ọjà Mọ́ Nítorí Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, ìyá mi mú mi láti Tré, ìlú wa, wá sí Ìdáàṣà lọ́jọ́ tí àwa Àgùdà máa ń pé jọ síbi ihò àpáta Màríà. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti débẹ̀ rí mọ bí èrò ọjọ́ náà ṣe máa ń pọ̀ tó. Ìyá mi ní kí n di etí ìró òun mú. Mo dì í mú o, àfi bí mo ṣe gbójú sókè tí mo rí i pé ìró ẹlòmíì ni mo dì mú. Onítọ̀hún já aṣọ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo figbe ta.

Obìnrin mùsùlùmí kan wà lẹ́bàá ọ̀nà tó ń ta àbẹ́là fún àwọn tó ń lọ gbàdúrà. A ò mọ̀ ọ́n rí. Ọjọ́ náà sì ni ọjà rẹ̀ máa ń tà jù láàárín ọdún. Ó wò mí, ó pòṣé.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ni ọ́?"

Mo ní, "Ìyá mi ni."

"Mo ṣe bí ewúrẹ́ ló bí ọ ni! Níbo nilé yín?"

"Tré."

"Tré! Wálláhì, òní tó yẹ kí n jókòó tajà ni Tré wá ń pè mí!"

Ó kọ́kọ́ ké sáàárín èrò títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Nígbà tí oòrùn yẹ̀ lórí, ó kó àbẹ́là rẹ̀ sínú abọ́, ó gbé e rù, ó fà mí lọ́wọ́, ó di ọ̀nà Tré. Kò dákẹ́ àròyé lọ́nà. Kí ló dé táwọn èèyàn ń bímọ tí wọn ò lè ṣọ́ ọ? Ta ni yóò ra àbẹ́là lọ́wọ́ òun tí èrò bá tú ká? Kí ló dé tí mò ń wọ́ ẹsẹ̀? Síbẹ̀, nígbà tí òkúta gún mi lẹ́sẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó pọ̀n mí, abọ́ àbẹ́là wà lórí, àròyé wà lẹ́nu.

Nígbà tí a délé, bàbá mi fẹ́ kó iṣu fún un. Ó ní, "Orí wo ni mo fẹ́ fi rù ú?" Ó mu omi, ó yí padà.

Ìrọ̀lẹ́ ni ìyá mi dé, ohùn rẹ̀ ti ha. Ó ní obìnrin kan pàdé òun lójú ọ̀nà, ó wo omijé ojú òun, ó ní, "Ṣé ìwọ lo ni ọmọ aláìléyín? Ó wà nílé, ó ń jẹun. Nu ojú rẹ." Lọ́dún kejì, a wá a títí, a ò rí i mọ́.

Láti ìgbà náà, n kì í lè gbọ́ ẹkún ọmọdé kí n kọjá. Lọ́dún tó kọjá, mo rí ọmọkùnrin kan tó ń ké lẹ́bàá títì níbi àpéjọ kan náà. Èrò yí i ká, wọ́n na fóònù sí i lójú. Mo ní kí lẹ ń ṣe? Wọ́n ní, "Màmá, a fẹ́ fi fótò rẹ̀ sórí WhatsApp ni, ìyá rẹ̀ á rí i." Kò sẹ́ni tó fún un lómi! Bí mo ṣe mú un lọ́wọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní, "Màmá, ẹ fi í sílẹ̀ o, wọ́n á ní ẹ fẹ́ jí i gbé ni."

Mo jókòó tì í lábẹ́ igi, mo fún un lómi, títí ìyá rẹ̀ fi dé. Ìyẹn já ọmọ gbà, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó lọ. Kò tilẹ̀ ní ẹ ṣé. Mo délé, àwọn ọmọ mi tún bá mi wí: "Màmá, ayé ti yí padà."

Mo gbọ́. Ẹ ti sọ ọ́ sú mi. Ajọ́mọgbé wà nígbà tiwa náà, àwọn àgbà sì máa ń fi wọ́n dẹ́rù bà wá. Ayé yí, ẹ̀rù yín pọ̀, ó dára. Ẹkún ọmọdé ńkọ́? Ìyẹn ò yí. Lọ́dún yìí, bí mo bá tún gbọ́ ọ, n óò tún lọ mú ọmọ náà lọ́wọ́. Kí ẹni tó bá fẹ́ ya fótò máa yà á.