Agbọ̀n Tí Mo Rà ní Charleston

Bí òjò bá ti rọ̀ ní Peckham nílùú ọba tí ọ̀rinrin wọlé, agbọ̀n kékeré orí tábìlì mi a máa ta sánsán bíi koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá sóòrùn. Òórùn yẹn ló máa ń gbé mi padà sí Charleston, ìlú àtijọ́ kan ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí mo ti fi odindi ọjọ́ kan rìn kiri ní èmi nìkan.

Ọdún tó tẹ̀lé ikú ìyàwó mi ni. Ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo, tí a tọ́ dàgbà ní Peckham níbí kó tó lọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún, ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ó ti kun yàrá kan sílẹ̀ fún mi, ó tilẹ̀ ti ra àga tí kò ní máa dun ẹ̀yìn mi. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó fi ọkọ̀ gbé mi dé àárín ìlú.

“Daddy, no pressure o,” ó wí. “Ẹ ṣáà rìn yíká, kí ẹ wò ó bóyá ìlú yìí máa bá yín lára mu. Tí mo bá parí shift, mo máa wá gbé yín, ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹ ń dúró.”

“Bí mi ò bá dúró ńkọ́?”

“Ẹ máa dúró jàre. Ta ló ń se ọbẹ̀ fún yín ní Peckham?”

Ìmọ̀ ìtàn ni mo kọ́ ní yunifásítì nígbà èwe mi, mo sì ti kà nípa èbúté ìlú náà, níbi tí wọ́n ti ń já àwọn ènìyàn wa sílẹ̀ láyé òwò ẹrú pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀, títí mo fi rò pé mo mọ̀ ọ́n tán. Mo ti to ọ̀rọ̀ ńláńlá tí n ó sọ sílẹ̀ nínú mi. Nígbà tí mo dé etí omi, ọkọ̀ ojú omi gàgàrà kan ń kọjá. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní, “Wo bí ọkọ̀ yẹn ṣe tóbi tó.” Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ńlá mi fò lọ.

Mo rìn kọjá àwọn ilé aláwọ̀ osùn àti aláwọ̀ ewé tí fàràńdà wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, lábẹ́ igi ńláńlá tí nǹkan bí irùngbọ̀n baba arúgbó rọ̀ sílẹ̀ lára wọn. Wọ́n ní arìnjìnnà ló ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ní iké. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tí n kò mọ̀ rí ń kí mi lójú ọ̀nà. Àwọn tó kí mi kí oòrùn tó kan àtàrí pọ̀ ju àwọn tó kí mi nínú líìfùtì ilé wa láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú. Àwọn àgbà ní ènìyàn laṣọ. Mo rí aṣọ náà, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ ọ́.

Lẹ́bàá ọjà ni mo ti rí obìnrin adúláwọ̀ kan tó ń fi koríko hun agbọ̀n. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ jọ ti àbúrò ìyá mi. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti là: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ́mì.”

Nígbà tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé pé iṣẹ́ rẹ̀ ni mo kí, ó bú sẹ́rìn-ín. “Mọ́mì kẹ̀? Pẹ̀lú gbogbo ewú orí yín yìí, èmi ni mo bí yín?” Ó na ọwọ́ sí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo jókòó, mo sì ro ẹjọ́ mi fún un, bí ẹni pé a ti jọ mọra tipẹ́.

“Ìyàwó yín ńkọ́?”

Mo ní ó wà ní itẹ́ òkú orí òkè kan lápá Forest Hill, pé gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń lọ kí i.

“Kí lẹ sọ fún un nígbà tí ẹ fẹ́ wá síbí?”

“Mo ní mo ń bọ̀.” Bí a ti ń dágbére nìyẹn, a kì í sọ fún ará ilé ẹni pé a ń lọ.

Kò wojú mi. Ó fa koríko náà yí po. “Tí ẹ bá wá dúró, ta ni yóò lọ sọ fún un pé ẹ ò bọ̀ mọ́?”

Mo ra agbọ̀n tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ mi rí agbọ̀n náà lórí itan mi, ó sì rí ojú mi. Ó gbé ọkọ̀ sójú ọ̀nà, ó ní, “Nítorí Mummy ni, àbí?” Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì ń wakọ̀ lọ.

Ó ti pẹ́. Yàrá tó kùn yẹn ṣì ṣófo; ó ní òun kò gbé nǹkan kan sí i. Láti ìgbà òtútù tó kọjá, orúnkún mi kò lè gun òkè itẹ́ òkú náà mọ́. N kò sọ fún ọmọ mi, torí yóò béèrè ohun tí mo tún ń ṣe níbí, n kò sì mọ èsì tí n ó fún un. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ Àìkú bá dé, mo máa ń wẹ̀, mo máa ń dé fìlà, mo máa ń wọ bàtà, n ó sì jókòó ti fèrèsé tó kọjú sí òkè náà, títí di àsìkò tí mo máa ń padà dé tẹ́lẹ̀. Nígbà yẹn ni ọmọ mi máa ń pè.

“Daddy, ẹ ti kí Mummy?”

“Mo ti kí i.”

“Ẹ ti wá wọlé?”

“Mo ti wọlé.”

Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bọ́ bàtà.