Adójútòfò Tó Ń Jókòó Síwájú

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Màmá Àgbà jẹ́, ẹ kọ́kọ́ mọ èyí: ìyá bàbá wa yìí kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, yóò sọ pé, "Omi inú fíríìjì yẹn á mà ti tutù o," yóò wá dákẹ́, yóò máa retí pé kí ẹnì kan lóye. Ọdún gbọọrọ ló fi lọ aṣọ ní yàrá ìfọṣọ hòtẹ́ẹ̀lì kan. Ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, aṣọ ẹlòmíràn lèèyàn ń tọ́jú láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa bi í pé kí ni òun alára ń fẹ́. Mo rò pé ibẹ̀ ló ti kọ́ ìwà náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì máa káàánú rẹ̀ o. Aláwàdà paraku ni. Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì nìkan ló máa wò tí yóò ti sọ irú ẹni tó wọ̀ ọ́. "Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kì í parọ́," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Gbogbo ọ̀rẹ́kùnrin tí mo mú wálé, ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì wọn ló kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú wọn. Ọ̀kan wà tó wọ aṣọ tí kò lọ́rùn wá. Màmá Àgbà ní ọmọ náà gbọ́n jù, kí n ṣọ́ra.

Àwa mẹ́ta là ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí iṣẹ́ ti gbé àwọn òbí wa lọ sí ìlú mìíràn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń tún fíríìjì ṣe, la ń pè ní Jẹ́jẹ́, torí bó bá ń wa ọkọ̀, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn á kí i, á sì kọjá lọ. Àbúrò wa ọkùnrin, tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, la ń pè ní Kíákíá. Ìyẹn ò nílò àlàyé. Èmi wà láàárín, mò ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì gbà pé èmi nìkan ló mọ ọkọ̀ wà nínú ilé wa.

Nígbà tí bàbá wa àgbà kú, ó fi ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan sílẹ̀, tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣí àfi láti inú. Wọ́n jọ máa ń gbé e jáde lójoojúmọ́ ni, tọkọtaya, kódà bó ṣe búrẹ́dì nìkan ni wọ́n fẹ́ rà. Lẹ́yìn ikú bàbá àgbà, ọkọ̀ náà jókòó sínú ọgbà, Màmá Àgbà náà sì jókòó sídìí fèrèsé. Orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè wa ọkọ̀ mọ́. Bí a bá tibi iṣẹ́ dé, a máa ń bá tẹlifíṣọ̀n níbi tó ti ń dá sọ̀rọ̀, a ó sì rí i pé Màmá Àgbà ti lọ gbogbo aṣọ ìnuwọ́ ilé lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ìwé ìwakọ̀ tán, a lọ bá a pé kó jẹ́ ká máa pín ọkọ̀ náà lò.

"Mo gbọ́," ó ní. "Orúkọ ta ló wà nínú ìwé ínṣọ́ránsì ọkọ̀ yẹn?"

Jẹ́jẹ́ ní, "Orúkọ yín ni, Màmá."

"Ta ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé yóò máa wà á?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Ó dáa. Bí ẹ bá gbé e jáde láìsí èmi nínú ẹ̀, ìhòòhò lẹ gbé e jáde yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti jókòó síwájú, ìwé ti jókòó síwájú nìyẹn. Kò séwu."

Kò sẹ́ni tó jiyàn. Ọ̀rọ̀ náà dún bí òfin, ó sì rọ̀ wá lọ́rùn. Bí èèyàn bá fẹ́ fi orúkọ ọ̀dọ́ mẹ́ta sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, owó gọbọi ni, torí àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò mọ irú wa dáadáa. Ní ti Màmá Àgbà, súìtì kan tí a bá fi sí i lẹ́nu ti tó owó ínṣọ́ránsì o.

Bó ṣe di adójútòfò wa nìyẹn. Láàárọ̀, kí a tó fọ ẹnu tán, a ó ti bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ nínú aṣọ búlúù tó lọ gbẹndẹke, tìmùtìmù lábẹ́ apá, báàgì lọ́wọ́. Ó bá Jẹ́jẹ́ lọ tún fíríìjì ṣe, òun ló ń di tọ́ọ̀ṣì mú. Ó bá mi lọ síbi tí èmi àti ọmọkùnrin aláṣọ-àìlọ́rùn yẹn fi àdéhùn sí. Nígbà tí ọmọkùnrin náà fẹ́ wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó fa ilẹ̀kùn títí, kò ṣí. Màmá Àgbà yíjú sẹ́yìn, ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó tún wò ó láti ilẹ̀ dé òkè, kó tó na ọwọ́ ṣí i fún un. Ọmọ náà kò pè mí mọ́. Inú bí mi nígbà náà. Ní báyìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ilẹ̀kùn yẹn.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ Kíákíá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa pariwo pé, "Ínṣọ́ránsì ti dé!" wọ́n á sì kúnlẹ̀ kí i. Ó di ọ̀rẹ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó di ọ̀rẹ́ oníbúrẹ́dì tó wà lópópónà wa. Ẹ̀rín rẹ̀ tó ti bá bàbá àgbà lọ tún padà wá, a sì ń gbọ́ ọ kí ọkọ̀ tó yọ lókèèrè. Bí Kíákíá bá ti sáré jù, á ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìwé ìwakọ̀ lo ní, ọkọ mi, o ò tíì ní àkísà. Dín eré kù!"

Ó ṣe, àkísà dé. Lọ́jọ́ Sátidé kan, a fẹ́ kúrò níwájú ilé oníbúrẹ́dì. Kíákíá ló ń wakọ̀, Màmá Àgbà wà níwájú, èmi wà lẹ́yìn. Kíákíá fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n ń lé, ó ń kọrin. Mo rí ìyàwó oníbúrẹ́dì tó gbé àtẹ kọjá lẹ́yìn wa, mo la ẹnu pé kí n pariwo, a sì gbọ́ gbàà! Ilẹ̀kùn ọkọ̀ akóbúrẹ́dì tó ṣí sílẹ̀ ti ká wọnú. Búrẹ́dì ń yí gbiri gbiri lójú títì. Ìyàwó oníbúrẹ́dì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àtẹ ṣì wà lórí rẹ̀, ó ń wo ibi tó ti kúrò ní ìṣẹ́jú àáyá tó kọjá.

Kíákíá yára pa ẹ́ńjìnnì. Ó sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Màmá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ wà á. Orúkọ yín ló wà níbẹ̀." Màmá Àgbà tú bẹ́líìtì. Ó sọ̀kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣa búrẹ́dì.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ilé-iṣẹ́ adójútòfò rán ọkùnrin kan sílé wa láti wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn náà. Màmá Àgbà wo ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Ta ló bá ẹ lọ ṣẹ́ẹ̀tì yìí?"

"Èmi fúnra mi ni, Mà."

"Áyọ́ọ̀nù ẹ ti gbóná jù. Olóòótọ́ èèyàn ni ẹ́, ṣùgbọ́n o máa ń kánjú."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ó wá béèrè pé, "Mà, ṣé ẹ̀yin lẹ ń wa ọkọ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀?"

Kíákíá ń wo ilẹ̀. Èmi mọ̀ pé "bẹ́ẹ̀ ni" kan ṣoṣo ti tó: wọn yóò san owó ilẹ̀kùn náà, Màmá Àgbà yóò sì máa bá wa jáde lọ bó ṣe ń lọ. Bó bá ní "rárá", gbogbo rẹ̀ parí nìyẹn, ó di ìdí fèrèsé.

"Rárá," ó ní. "Ọmọ yìí ló ń wà á. Èmi ni mo sọ fún wọn pé bí mo bá ti wà nínú ẹ̀, ó ti tó. Mo sì mọ̀ pé kò tó. Ẹni tó ta ìwé yẹn fún mi ti ṣàlàyé ẹ̀ yékéyéké: ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò sí níbẹ̀ ò gbọdọ̀ wà á."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a; tiwa ò tiẹ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "Mà, a ò ní lè san nǹkan kan o. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dúpẹ́ pé ilẹ̀kùn ni. Ká ní èèyàn lẹ gbá ni, ọwọ́ ọlọ́pàá lẹ máa wà báyìí, ẹ ó sì máa ti àpò ara yín wo ẹni náà sàn, bóyá títí ayé yín."

Àtẹ orí ìyàwó oníbúrẹ́dì ló wá sí mi lọ́kàn.

Jẹ́jẹ́, tí mi ò rí i kó bínú rí, béèrè pé, "Màmá, kí ló dé tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀ fún wa nígbà náà?"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ bu omi wá fún àlejò," ni Màmá Àgbà wí, ó sì wọlé lọ.

Gbogbo wa la jọ san gbèsè ilẹ̀kùn náà, kì í sì ṣe owó la fi san án. Kíákíá ń lọ gbé búrẹ́dì fún wọn láàárọ̀, èmi ń bá wọn fọ àtẹ, Jẹ́jẹ́ tún fíríìjì wọn ṣe, Màmá Àgbà sì lọ fìlà àti épúrọ́ọ̀nù àwọn òṣìṣẹ́ wọn tó fi jẹ́ pé àwọn oníbàárà ń béèrè bóyá wọ́n ti ta ilé iṣẹ́ náà fún olówó kan. Ọkọ̀ wa kò kúrò nínú ọgbà títí ìwé tuntun fi dé, pẹ̀lú orúkọ Jẹ́jẹ́ àti tèmi nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní kí Kíákíá ṣì fara balẹ̀ ná. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn ló ń jókòó sí, ibẹ̀ ló sì ti ń kọ́ wa ní ọkọ̀ wíwà.

Inú wa dùn pé ọkọ̀ ti wọṣọ. A tún fi Màmá Àgbà sílẹ̀ kó sinmi. A ro ó pé ó ti fi orúnkún tó ń dùn ún bá wa jìyà tó, ó yẹ ká ṣàánú rẹ̀. Láàárọ̀, yóò dúró sídìí fèrèsé, á ní, "Òde mà dáa lónìí o." Èmi á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," n ó sì jáde lọ. Lọ́jọ́ mìíràn á ní, "Ọkọ̀ yẹn mà mọ́ o." Jẹ́jẹ́ á ní òun ló fọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, aṣọ ìnuwọ́ ilé tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba áyọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ọ̀sì lọ́la ni mí o, kò sì yé mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a jáde, a bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Aṣọ búlúù ló wọ̀. Ó di báàgì rẹ̀ mú gírí.

"Màmá, ṣé kò sí o?" Jẹ́jẹ́ béèrè.

"Kò sí." Ó wo ilẹ̀, ó tún gbé ojú sókè. "Ó wà. Mo fẹ́ bá yín lọ."

"Níbo, Màmá?"

"Ibikíbi. Ìdí tí mo fi parọ́ fún yín nìyẹn. Ilé dákẹ́ jù, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́." Ó fọwọ́ ti ara ọkọ̀. "Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ sẹ́wọ̀n torí pé mi ò lè sọ pé, ẹ gbé mi jáde."

Ojú tì mí, omi sì lé sí mi lójú. Jẹ́jẹ́ lọ ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Tìmùtìmù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, bébà súìtì rẹ̀ náà kò kúrò. Láti ìgbà tí ìwé tuntun ti dé, kò sí ìkankan nínú wa tó jókòó síbẹ̀, a ò sì bá ara wa sọ ọ́ rí. Ọ̀dọ̀ Kíákíá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn burúkú yẹn, ni ẹni tí kò bá wakọ̀ máa ń há ara rẹ̀ mọ́.

Màmá Àgbà jókòó, ó fa bẹ́líìtì dè. Bí ọkọ̀ ṣe ń yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú sẹ́yìn, ó na ọwọ́ sí Kíákíá.

"Fún mi lómi," ó ní. "Òùngbẹ ń gbẹ mí."